Kànga wà, omi ò sí: bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ olùdíje wò

Ìbéèrè: Olùdíje kan dúró lórí ọkọ̀ ní Ọ̀fà, ó ní ẹgbẹ́ òun gbẹ́ kànga ẹ̀rọ 12 sí ìjọba ìbílẹ̀ kan. A kà wọ́n, wọ́n pé. Ṣé òótọ́ ló sọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nígbà ìpolongo ìbò tó kọjá, mo dé ìdí irú kànga bẹ́ẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà Ajáṣẹ́-Ìpo. Ọ̀dà táńkì rẹ̀ ṣì ń dán, orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo yí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló fọn jáde. Màmá kan tó gbé garawa kọjá dá mi lóhùn pé oṣù mẹ́ta péré ló pọn omi, jẹnẹrátọ̀ tó ń fà á ló bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó padà wá wò ó. Odò ni màmá náà ń lọ.

Iye kànga tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pariwo “kànga” lórí ọkọ̀, omi ni etí àwọn èèyàn gbọ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló le jù láti yẹ̀ wò, torí ẹni tó sọ ọ́ lè fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, mélòó ló ń pọn omi lónìí? Ta ló sanwó rẹ̀? Ọdún wo ni wọ́n gbẹ́ ẹ? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà.

Ìbéèrè: “A ti sọ owó ìlera di ìlọ́po méjì.” Báwo la ṣe máa wọn èyí?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Owó tí wọ́n kọ sínú ètò ìṣúná lè má jẹ́ owó tí wọ́n ná. Inú ìròyìn ìnáwó oṣù mẹ́tamẹ́ta lẹ ti máa rí èyí tó jáde ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́jà. Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé ní oṣù Kejìlá 2024, ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti oṣù Kejìlá 2023 lọ. Náírà lè pọ̀ sí i lórí ìwé kí oògùn tó dé ilé ìwòsàn máa dín kù.

Ìbéèrè: Ìlérí ńkọ́?

Ìdáhùn: Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò ṣeé pè ní irọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbe ìpolongo “Ó tó gẹ́” tó gba Kwara kan ní 2019: inú tó ń bí aráàlú ló ń sọ, kò sí ìwé tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ a lè béèrè bóyá àga tí olùdíje ń dù lágbára ohun tó ṣèlérí. Ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ẹni tó ń lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ní òun yóò da ọ̀dà sí i, ẹ bi í pé àpò ta ni yóò ti yọ owó. Ó máa ń dùn mí tí a bá jẹ́ kí irú rẹ̀ kọjá láìbéèrè.

Ìbéèrè: Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá fi ìwé pa mọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ìbéèrè: Fídíò orí WhatsApp?

Ìdáhùn: Ẹ wá odindi rẹ̀, ẹ gbọ́ gbólóhùn tó ṣáájú.

Ìbéèrè: Wọn ò ní sọ pé ẹgbẹ́ kejì ló rán wa?

Ìdáhùn: Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ sí èmi náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo lọ sí abúlé yẹn, ẹgbẹ́ kejì ń kéde pé kò sẹ́ni tó gbẹ́ kànga kankan síbẹ̀ rí. Irọ́ ni, mo ti fọwọ́ kan táńkì náà. Ojú ewé kan náà ni mo kọ méjèèjì sí.