Ẹ̀mí àìmọ́ tó ń kọ lẹ́tà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí a ti ròyìn ìwé The Screwtape Letters, àwọn òǹkàwé kan ò dáwọ́ ìbéèrè dúró: kí ló dé tí ìwé onígbàgbọ́ ń pe Ọlọ́run ní "Ọ̀tá"? Ìdáhùn rèé, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Ṣé lóòótọ́ ni ìwé náà pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀?

Lóòótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Screwtape, ọ̀gá nínú àwọn ẹ̀mí àìmọ́, ló ń kọ lẹ́tà sí Wormwood, ọmọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ìdẹwò. Lójú tiwọn, Ọlọ́run lọ̀tá, ẹni tí wọ́n ń dẹ sì ni "aláìsàn". Ohun tí Screwtape bá ti yìn, kí òǹkàwé sá fún un.

Inú ìwé ìròyìn ìjọ kan ní England ni C. S. Lewis, ẹni tó kọ ìwé náà, ti kọ́kọ́ gbé àwọn lẹ́tà náà jáde lọ́dún 1941, kó tó di ìwé ní 1942. Lewis fúnra rẹ̀ ròyìn pé àlùfáà kan kọ̀wé sí olóòtú pé òun ò ra ìwé ìròyìn náà mọ́, torí pé ìmọ̀ràn inú rẹ̀ jọ ti èṣù gan-an. Bàbá náà kúkú rí òótọ́.

Ṣé inú Bíbélì ni ìwo, ìrù àti àmúga tí wọ́n máa ń yà fún èṣù ti wá?

Àmúga kò sí níbẹ̀. Ìwo àti ìrù wà nínú Ìfihàn 12, lára dírágónì pupa olórí méje.

Èso ápù tí wọ́n ní Éfà jẹ ńkọ́?

Jẹ́nẹ́sísì 3 kò dárúkọ èso kankan.

Kí ló dé tí àwọn ẹ̀mí ń fi idà jà nínú ìwé kan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú òmíràn?

Ọ̀nà méjì ni. Nínú This Present Darkness tí Frank Peretti gbé jáde ní 1986, áńgẹ́lì àti ẹ̀mí òkùnkùn ń jà lórí ìlú kékeré kan, àdúrà àwọn èèyàn ló sì ń fún áńgẹ́lì lágbára. Ó ní ibi tó fẹ̀yìn tì: nínú Dáníẹ́lì 10, ọmọ aládé Páṣíà, tí ọ̀pọ̀ kà sí ẹ̀mí, dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run dúró fún ọjọ́ 21.

Ti Lewis ló bà mí lẹ́rù jù. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, aláìgbàgbọ́ kan ń kàwé ní British Museum, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Screwtape ò bá a jiyàn rárá. Ó kàn rán an létí pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó. Ọkùnrin náà jáde, ó rí bọ́ọ̀sì lójú títì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì tán síbẹ̀.

Ṣé Milton kọ́ ló sọ Sátánì di akọni?

Apá ìbẹ̀rẹ̀ Paradise Lost (1667), ewì gígùn tí John Milton, akéwì ilẹ̀ England, kọ, ló ń tan èèyàn jẹ, torí ọ̀rọ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu Sátánì níbẹ̀. Ẹ ka ìyókù: ó lóṣòó bí ọ̀pọ̀lọ́ létí Éfà, ó wọ inú ejò, nígbà tó sì padà sílé láti yangàn, ariwo ejò ló gbà dípò àtẹ́wọ́.

Tí ẹ̀mí bá ń sọ ọ́ sí wa létí, ṣé a ṣì jẹ̀bi?

Ibí ni mo ti ń bẹ̀rù àṣìgbọ́. Ìtàn tó yan ẹ̀mí kan fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan dùn ún kà, àmọ́ ó lè mú kí oníbìínú rò pé àlejò ló ń bínú nínú òun. Jákọ́bù 1:14 ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ẹni ló ń fa èèyàn lọ. Lewis náà sọ pé ọkàn ara òun lòun wò kóun tó mọ bí ìdẹwò ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ṣé ó léwu láti máa ka irú ìwé yìí?

Lewis kìlọ̀ nípa àṣìṣe méjì: kéèyàn má gbà pé àwọn ẹ̀mí àìmọ́ wà rárá, àti kó máa fi gbogbo ọkàn lé wọn kiri. Ó ní kíkọ ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fún òun lọ́rùn. Tí àyà yín bá ń já lóru, ẹ pa á dé. Ẹ má sì tìtorí ohun tí ẹ kà máa wo ojú aládùúgbò yín bóyá ìwo wà níbẹ̀.

Ṣé mo lè fi orúkọ inú àwọn ìwé yìí lé ẹ̀mí jáde?

Òǹkọ̀wé ló sọ wọ́n lórúkọ. Ta ló máa jẹ́ yín?