Ilẹ̀ Kún fún Oúnjẹ, Kí Ló Dé tí Ebi Ń Pa Irúgbìn?

Ìbéèrè: Àyẹ̀wò fi hàn pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ irúgbìn, pọ̀ nínú ilẹ̀. Kí ló wá dé tí irúgbìn orí rẹ̀ kò dàgbà?

Ìdáhùn: Wíwà lọ́tọ̀, rírí jẹ lọ́tọ̀. Èyí tó bá yọ́ sínú omi ilẹ̀ nìkan ni gbòǹgbò lè fà mu, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í sì í pẹ́ lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Bí ásíìdì bá pọ̀ nínú ilẹ̀, irin àti alumíníọ̀mù á gbá a mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń da ajílẹ̀ sílẹ̀ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dé ẹnu irúgbìn.

Ibi tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ilẹ̀ ti ń gbà wá nìyí. Olú kan wà tí wọ́n ń pè ní mycorrhiza, tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Á wọnú gbòǹgbò, á tún nà jáde lọ síbi tí gbòǹgbò kò lè dé, á sì máa kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti síńkì bọ̀. Irúgbìn á fi ṣúgà tó ti ara ewé rẹ̀ wá san án padà. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti àlùbọ́sà ń bá a ṣe é. Kábéèjì kì í ṣe é. Ẹni tó bá ń túlẹ̀ lemọ́lemọ́, àwọn okùn yìí ló ń já. Bí ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá sì pọ̀ jù, irúgbìn kì í bọ́ olú náà mọ́.

Ìbéèrè: Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn mìíràn. Kí ló dé tí ewéko kò lè mú un níbẹ̀?

Ìdáhùn: Méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ so mọ́ra, ewéko kò sì lágbára láti já a. Bakitéríà, kòkòrò àìfojúrí, tí wọ́n ń pè ní rhizobia ló lè ṣe é, inú kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló sì ń gbé. Martinus Beijerinck, ará Netherlands, ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ látinú kókó náà ní 1888. Ẹ fa ẹ̀wà kan tu nígbà tó bá ń yọ òdòdó, kí ẹ fi èékánná la kókó rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá funfun, kò tíì sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa gbòǹgbò tu dànù lẹ́yìn ìkórè. Èso tí ẹ ká ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn náà lọ. Ìwọ̀nba tó kù, ti ilẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Mo ro pòròpórò gbígbẹ mọ́lẹ̀, ewé àgbàdo mi wá ń di àwọ̀ ìyeyè. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ pòròpórò náà ló ń bá àgbàdo yín du oúnjẹ. Kábọ́ọ̀nù inú pòròpórò lè tó ìlọ́po 50 náítírójìn rẹ̀. Nǹkan bí ìlọ́po 24 ni àwọn kòkòrò náà fẹ́. Náítírójìn tí kò tó wọn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Bí wọ́n bá kú, á padà sílẹ̀, àmọ́ àgbàdo kò lè dúró dè é. Ẹ tẹ́ pòròpórò sórí ilẹ̀ dípò kí ẹ rò ó mọ́ ọn, tàbí kí ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran àti ewé tútù, kó jẹrà kó tó dé oko.

Ìbéèrè: Ṣé a lè wá pa ajílẹ̀ alápò tì?

Ìdáhùn: Kì í ṣe lójijì. Kò sí kòkòrò tó lè dá pòtásíọ̀mù, tí òun náà jẹ́ oúnjẹ irúgbìn, bí kò bá sí nínú ilẹ̀, gbogbo ìkórè ló sì ń kó díẹ̀ lọ. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò ná.

Ìbéèrè: Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ńkọ́?

Ìdáhùn: Bakitéríà tó bá irú ẹ̀wà yín mu wúlò gan-an lórí ilẹ̀ tí wọn kò gbin ẹ̀wà náà sí rí. Ní ti ìyókù, ìgbẹ́ ẹran àti irúgbìn tí yóò bo ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Lórí ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, tí oòrùn ń jó, ebi ni yóò pa ohun tó wà nínú ìgò náà.