Ìwádìí Òfin

Ìwádìí òfin ni iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò ń ṣe kó lè mọ ibi tí òfin dúró sí lórí ọ̀ràn tí oníbàárà gbé wá. Ohun tó ń wá pín sí méjì: òfin tí ilé aṣòfin ṣe àti ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ ti dá sẹ́yìn. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ kì í sábà ti inú ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé àlàyé tí àwọn onímọ̀ òfin kọ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, tàbí kó bi ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ léèrè.

Àmì ìtọ́kasí ni wọ́n fi ń rí ìdájọ́. Àmì ẹjọ́ Donoghue v Stevenson, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ni [1932] AC 562. Ọdún ìwé náà ni 1932. AC ni ọ̀wọ́ ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí. Ojú ewé tí ìdájọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sì ni 562.

Ṣùgbọ́n kéèyàn rí ẹjọ́ kò tíì tó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lè ti wọ́gi lé e, òfin tuntun sì lè ti borí rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti gba sùúrù jù lọ nìyẹn. Ní 1873, Frank Shepard, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà pélébé tí agbẹjọ́rò lè lẹ̀ mọ́ etí ojú ewé ìdájọ́, kó lè rí àwọn ẹjọ́ ẹ̀yìn tó mẹ́nu kàn án. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ ń fi pe yíyẹ ẹjọ́ wò.

Lexis (1973) àti Westlaw (1975), àwọn àkójọ òfin àti ìdájọ́, gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n ń gbà. Agbẹjọ́rò tó ń dá ṣiṣẹ́ ni èyí ń ni lára jù, kò sì tọ́, nítorí òfin tó de gbogbo ènìyàn yẹ kó ṣeé kà fún gbogbo ènìyàn. Yunifásítì Cornell ṣí ojúlé òfin ọ̀fẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 1992. AustLII ti Ọsirélíà tẹ̀ lé e ní 1995, BAILII ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland sì dé ní 2000.

Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn agbẹjọ́rò méjì àti ilé iṣẹ́ wọn lórí, torí pé wọ́n tọ́ka sí ìdájọ́ tí ChatGPT, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, hùmọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni ẹjọ́ ọ̀hún. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.