Ìwé Àkójọ: Bí Àjákù Ìwé àti Aṣọ Ṣe Ń Di Ohun Ìlò

Bí a bá tú dúrọ́ọ̀ kan ní ilé Yorùbá, ó ṣòro kí a má bá káàdì ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, àpò lẹ́tà tí wọ́n ti fà ya létí, rìsíìtì ọjà, àti ègé aṣọ ẹbí tí télọ̀ dì mọ́ aṣọ tí ó rán nígbà tí ó ń dá a padà. Ohun tí a torí rẹ̀ ṣe wọ́n ti kọjá, síbẹ̀ ọwọ́ kì í yá láti dáná sun wọ́n. Irú àwọn nǹkan báyìí ni a fi ń ṣe ìwé kan tí a ń fi ọwọ́ rán, tí àwọn tí ń ṣe é káàkiri ayé ń pè ní junk journal. Nínú àlàyé yìí, ìwé àkójọ ni a ó máa pè é. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ìwé ìkọ̀wé tí à ń rà lọ́jà ni pé ojú ewé rẹ̀ kì í ṣófo tán: ewé kọ̀ọ̀kan ti ní ohun tí ó ń sọ kí ẹni tó ni ín tó fi bírò kàn án.

Ọgbọ́n fífi àjákù ṣe ìwé ti pẹ́. Ní ọdún 1945, ní ẹ̀bá ìlú Nag Hammadi ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n rí àwọn ìwé àtijọ́ mẹ́tàlá kan tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti ayébáyé. Awọ ni èèpo wọn, ṣùgbọ́n kí awọ náà lè le, àwọn tó di ìwé wọ̀nyẹn ti lẹ àjákù òrépèté, ìyẹn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ewéko etí omi ṣe, mọ́ inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele: lẹ́tà, rìsíìtì, àti àkọsílẹ̀ owó tí ẹnikẹ́ni kò nílò mọ́. Nínú èèpo ọ̀kan lára wọn ni àwọn onímọ̀ ti ka ọdún 341, 346 àti 348 lórí àwọn àjákù náà, èyí tó fi hàn gbangba pé wọn kò lè ti di ìwé ọ̀hún ṣáájú ọdún 348. Ohun tí adìwé kan kà sí ìdọ̀tí ni ó wá di ẹ̀rí ọjọ́ orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń gé káàdì tàbí rìsíìtì láti lẹ̀ ẹ́, kò yẹ kí a gé ọjọ́ àti orúkọ ìlú tó wà lórí rẹ̀ dànù torí pé a fẹ́ kí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú òdòdó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìlò ni ó ń pinnu bí a ó ṣe ṣe ìwé àkójọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń lépa ẹwà nìkan, wọn a sì ṣe ìwé tó dára débi pé ẹ̀rù á máa bà wọ́n láti kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìwé náà á wá jókòó lórí ṣẹ́ẹ̀lì bí abọ́ àlejò. Ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ kó ìlànà oúnjẹ jọ nílò ewé tó nípọn tí epo kò ní tètè là kọjá. Ẹni tó fẹ́ fi pa irúgbìn mọ́ nílò àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣeé pa dé, ẹni tó sì fẹ́ máa kó ègé aṣọ sínú rẹ̀ nílò ìwé tí àyè pọ̀ láàárín ewé rẹ̀. Kí a tó mú àlùmọ́gàjí, a gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò máa wọ inú ìwé náà àti bí yóò ṣe nípọn tó.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan ìwé kàn. Kàlẹ́ńdà ògiri dára púpọ̀, nítorí ìwé rẹ̀ lágbára, ẹ̀yìn rẹ̀ sì sábà máa ń funfun. Ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àpò sìmẹ́ńtì tún lágbára jù ú lọ. Ìpele tí sìmẹ́ńtì kò fara kàn ni kí a mú nínú rẹ̀, kí a sì fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún dáadáa, torí eruku sìmẹ́ńtì máa ń jẹ ọwọ́. Ìwé ìròyìn ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ó pọ̀, ó sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ṣùgbọ́n igi lílọ̀ tí wọn kò yọ èròjà tó so fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ kúrò ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdí nìyí tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ fi ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè, tí yóò sì máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Bí ìròyìn kan bá ṣe pàtàkì, fọ́tókọ́pì rẹ̀ lórí ìwé funfun ni kí a lẹ̀. Rìsíìtì POS tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ooru ni ẹ̀rọ náà fi ń tẹ̀wé, kì í lo tádàwà. Bí a bá fi èékánná ha ojú rẹ̀ kíákíá tí ìlà dúdú yọ, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ sì lè ṣá títí tí a kò fi ní rí nǹkan kà mọ́. Ọjọ́ tí a bá lẹ̀ ẹ́ gan-an ni kí a ti fi pẹ́ńsù kọ iye owó, ọjọ́ àti ibi tí a ti ra ọjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí pákó ṣe ní ọ̀nà tí ó ń gbà là, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ní ọ̀nà tí fọ́nrán rẹ̀ tò sí. Tí a bá rọra tẹ ìwé kan ní òró, tí a tún tẹ̀ ẹ́ ní ìbú, ọ̀nà kan á rọ̀ ju èkejì lọ. Èyí tó rọ̀ ni ó bá fọ́nrán rìn. Bí ìṣẹ́po bá bá fọ́nrán rìn, á pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá dábùú rẹ̀, á máa wú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé A4 tí à ń rà, fọ́nrán náà gba òró ìwé kọjá, nítorí náà bí a bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì láti fi ṣe A5, ńṣe ni à ń dábùú fọ́nrán. Ìyẹn kò ní kí a má lò ó, ṣùgbọ́n a ní láti fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìṣẹ́po náà lọ sókè sódò kí ó tó gbà.

Ewé mẹ́fà sí mẹ́jọ tí a ṣẹ́ po, tí a sì ti ọ̀kan bọ inú èkejì, ni ó ń di ìdì kan, ìdì mẹ́ta sì tó fún ìwé kan. Ihò mẹ́ta ni a ó lu sí ojú ìṣẹ́po ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí ewé bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 21, ihò àárín á wà ní 10.5, méjì yòókù á sì fi 3 jìnnà sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀. Irú ihò kan náà ni a ó lu sí èèpo. Òwú tó gùn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga ewé ni a ó mú, a ó sì fà á kọjá lára àbẹ́là kí ó má baà lọ́ mọ́ra. Abẹ́rẹ́ á ti inú gba ihò àárín jáde, a ó sì fi ìrù òwú díẹ̀ sílẹ̀ nínú. Láti òde, á wọ ihò òkè; á sọ̀ kalẹ̀ nínú, á fo ihò àárín, á gba ti ìsàlẹ̀ jáde, á sì ti òde padà wọ ihò àárín. Ìrù méjèèjì á pàdé báyìí nínú ìdì, níbi tí òwú gígùn kan ti nà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ìrù kan wà ní ọ̀tún òwú gígùn yìí, kí èkejì wà ní òsì rẹ̀, kí a tó ta wọ́n ní kókó lé e lórí. Bí méjèèjì bá wà lápá kan náà, kókó kò ní rí nǹkan dì mú, ìdì náà á sì máa mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Nígbà tí a bá ń fa òwú le, kí a fà á gba ojú ìṣẹ́po lọ. Bí a bá fà á sọ́dọ̀ ara wa, ihò á ya.

Egungun ìwé, ìyẹn tóóró tó wà láàárín èèpo iwájú àti èèpo ẹ̀yìn, ni ìṣirò rẹ̀ ti sábà máa ń ṣini lọ́wọ́. Páálí bàtà tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele méjì, tí a sì fi àǹkárá tàbí àdìrẹ bò, tó fún èèpo. Ká ní ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 nígbà tí a tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, egungun tó fẹ̀ ní 1.5 kò ní ṣiṣẹ́, nítorí káàdì, fọ́tò àti aṣọ tí yóò wọlé lẹ́yìn náà á wú ìwé náà títí yóò fi máa la ẹnu bí ẹja tí a gbé kúrò lómi. Kí egungun fẹ̀ tó 3.5 tàbí 4. Ọgbọ́n kejì ni pé kí a gé ewé kan dànù láàárín ewé mẹ́ta-mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí a fi kùkùté rẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lójú rírán. Kùkùté yìí ni ó ń ya ewé nípá síra níbi egungun, tí ohun tí a bá lẹ̀ fi ń rí ibi jókòó sí.

Ní ti gọ́ọ̀mù, díẹ̀ ni ó dára. Omi inú rẹ̀ ń mú kí fọ́nrán ìwé fẹ̀, bí ó bá sì ń gbẹ, ìwé á ká kò. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a fi ọ̀rá ya ewé tó tutù sọ́tọ̀, kí a gbé ohun wúwo lé e mọ́jú, pàápàá lásìkò òjò. Wàhálà gọ́ọ̀mù yìí náà ni ó mú kí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà nì, Mark Twain, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní ọdún 1873 lórí ìwé àlẹ̀mọ́ kan tí gọ́ọ̀mù gbígbẹ ti wà lójú ewé rẹ̀, tó jẹ́ pé omi nìkan ni a ó fi tọ́ ọ. Ẹ̀kọ láfún, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ, lè lẹ ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n aáyán fẹ́ràn rẹ̀, kò sì yẹ fún ìwé tí a fẹ́ kí ó pẹ́. Aṣọ kò nílò gọ́ọ̀mù rárá. Abẹ́rẹ́ ni kí a fi rán an mọ́ ewé, torí gọ́ọ̀mù máa ń sọ aṣọ di gbígan.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ìwé yìí lọ́wọ́ télọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, inú ìwé ìkọ̀wé lásán ni wíwọ̀n oníbàárà ń wà, ègé aṣọ a sì lọ sínú àpò ìdọ̀tí. Nínú ìwé àkójọ, ojú ewé méjì tó dojú kọra ni ti oníbàárà kan. Ní òsì, ègé àǹkárá tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé wà níbẹ̀, etí òkè nìkan ni a rán mọ́ ewé, kí ọwọ́ lè gbé e sókè, kí ojú sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni a kọ èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, yáàdì tí oníbàárà mú wá àti ọjọ́ tí ó mú un wá. Ní ọ̀tún, ìsàlẹ̀ ewé ti ṣẹ́ po sókè di àpò, àwòrán sitáìlì tí ó yàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì kan tó ṣẹ́kù. Bí ó bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan pé òun fẹ́ gèlè tó bá aṣọ náà mu, tàbí tí àríyànjiyàn bá dé lórí iye yáàdì, ẹ̀rí wà nílẹ̀.

Ìwé aṣọ ẹbí ni ó níye lórí jù lójú ẹni tó kọ àlàyé yìí. Ègé léèsì tàbí àǹkárá òde kọ̀ọ̀kan, káàdì ìpè tí a sọ di àpò, àti orúkọ àwọn tó wọ aṣọ náà, á di ìtàn ẹbí láàárín ọdún díẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú náà yẹ níbẹ̀, nítorí ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, orúkọ àwọn ọmọ, ìlú àti agboolé sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àyè etí ewé ni kí a kọ oríkì sí láti ẹnu àwọn àgbà, torí ìwé ètò kì í gba gbogbo rẹ̀. Ní Harlem ní ìlú New York, L. S. Alexander Gumby fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àjákù ìwé ìròyìn, lẹ́tà àti fọ́tò jọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa ìgbésí ayé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Yunifásítì Columbia ni àwọn ìwé náà wà títí di òní.

Fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń tọ́ ní London tàbí Houston, ìwé yìí lè jẹ́ olùkọ́ èdè. Ọ̀rá gààrí àti ti èlùbọ́ tí a gé lára ọjà á wọlé, ọmọ á kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ojú ewé kan lè jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tó jọra: igbá tí a fi ń bu omi, ìgbá tí a ń jẹ, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà tó ń lọ, àti igba tó jẹ́ 200. Àwòrán tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kì í jẹ́ kí ó gbàgbé.

Káńfọ̀ dára fún lílé kòkòrò, ṣùgbọ́n inú àpótí ni kí ó wà, kí ó má kan ewé. Kí a gbé ìwé náà jìnnà sí ògiri tí omi ń là àti ibi tí ikán lè gbà wọlé, kí a sì máa ṣí i sí afẹ́fẹ́ lóṣooṣù lásìkò òjò, lábẹ́ òjìji, nítorí oòrùn ń ṣá àwọ̀ aṣọ. Bí ewé bá tán tí egungun ṣì ní àyè, a lè lu ihò mẹ́ta tuntun sí i, kí a rán ìdì kẹrin mọ́ ọn. Bí kò bá ní àyè mọ́, kí a bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí a sì kọ 1 àti 2 sára egungun wọn.