Orúkọ Àìsàn Kọ́ Ni Ẹ̀rí: Bí Agbẹjọ́rò Káúńtì Ṣe Ń Ro Ẹjọ́ Ọpọlọ ní Texas

Ẹbí tó bá wá bá agbẹjọ́rò káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀) ní Texas, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kí ilé ẹjọ́ lè dá ọmọ tàbí àbúrò tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú dúró sílé ìwòsàn fún ìtọ́jú sábà máa ń rò pé àwọn ni agbẹjọ́rò náà ń ṣiṣẹ́ fún. Rárá o. Ìpínlẹ̀ ló ń ṣojú fún. Ilé ẹjọ́ máa ń yan agbẹjọ́rò mìíràn fún aláìsàn, iṣẹ́ onítọ̀hún sì ni láti jà fún ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ́, ì báà ṣe pé ilé ló fẹ́ padà sí. Ìyá tó mú ọ̀rọ̀ wá, ẹlẹ́rìí ni.

Agbẹjọ́rò yìí kan náà ló ń yẹ ìwé àdéhùn káúńtì wò, òun náà ló ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pe káúńtì lẹ́jọ́. Bí ará ìlú bá béèrè ìwé ìjọba tí káúńtì kò fẹ́ gbé jáde, ọjọ́ iṣẹ́ 10 péré ló ní láti kọ̀wé béèrè ìpinnu lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tí aago rẹ̀ ń sáré tó ẹjọ́ ọpọlọ.

Ọlọ́pàá lè mú aláìsàn ọpọlọ tó fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe lọ sílé ìwòsàn láìsí ìwé àṣẹ. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí 12, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ fọwọ́ sí i, àfi bí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi bá bọ́ sí i. Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ìgbẹ́jọ́ kékeré máa tẹ̀ lé e láàárín wákàtí 72. Ẹjọ́ gan-an gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 14 tí wọ́n fi ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹjọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ sún un síwájú, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 30. Kó tó dìgbà náà, ìwé àyẹ̀wò dókítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀.

Ìwé dókítà yìí ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù. Dókítà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn á da ọ̀rọ̀ inú òfin kọ: "ó ṣeé ṣe kó pa ara rẹ̀ lára." Ó tán. Òfin sì ní kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kúnnákúnná. Kí ni aláìsàn ṣe? Ọjọ́ wo? Ta ló rí i? Orúkọ àìsàn, bó ti wù kó bani lẹ́rù tó, kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1975, nínú ẹjọ́ Kenneth Donaldson tí wọ́n tì mọ́lé ìwòsàn fún nǹkan bí ọdún 15 ní Florida, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ìjọba kò lè kàn ti ẹni tí kò léwu, tó sì lè gbé ilé rẹ̀ láìséwu, mọ́lé. Ní 1979, nínú ẹjọ́ Addington tó ti Texas wá, wọ́n fi kún un pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ hàn kedere kó sì dáni lójú: ó ju ti ẹjọ́ gbèsè lọ, kò sì tó ti ọ̀daràn.

Nítorí náà, "orí rẹ̀ ò pé mọ́" kò wúlò fún adájọ́. "Láti ọjọ́ Ajé ni kò ti jẹun, ó ní májèlé ni wọ́n fi sínú rẹ̀, lálẹ́ Ọjọ́rú ó bọ́ sójú títì láìwọṣọ" wúlò. Òfin ń wá ìwà tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tàbí èyí tó ń bá a lọ. Ohun tí aládùúgbò sọ fún yín, ẹ jẹ́ kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ gba àgbọ́sọ.

Bí ìjọba bá jàre, àṣẹ àkọ́kọ́ kì í sábà kọjá ọjọ́ 45, àmọ́ adájọ́ lè mú un dé 90 bó bá rí ìdí. Òfin ìjọba àpapọ̀ á sì gba ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn lọ́wọ́ onítọ̀hún, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í gbọ́ títí ẹjọ́ fi parí. Èyí tó ń ya wọ́n lẹ́nu jù ni ti oògùn: àṣẹ tó gbé aláìsàn dúró sílé ìwòsàn kò ní kí wọ́n fi tipátipá fún un ní oògùn. Láìjẹ́ pàjáwìrì, bó bá kọ̀ ọ́, dókítà gbọ́dọ̀ kọ ìwé mìíràn sílé ẹjọ́, kí adájọ́ sì gbọ́ ìyẹn lọ́tọ̀.