Àtúnṣe férémù àti ṣọ́ọ̀kì alùpùpù àtijọ́

Àtúnṣe férémù àti ṣọ́ọ̀kì alùpùpù àtijọ́ ni iṣẹ́ yíyẹ egungun alùpùpù tó ti dàgbà wò, títọ́ ọ bó bá ti wọ́, dídí ibi tó ti là, àti títún àwọn ohun tó ń gba ìjà ọ̀nà mọ́ ẹni tó gùn ún lára ṣe. Egungun yìí ni férémù, èyí tí ẹ́ńjìnì, táńkì àti ìjókòó so mọ́. Àwọn ohun tó ń gba ìjà ọ̀nà ni fọ́ọ̀kì iwájú, apá ẹ̀yìn tó di wíìlì ẹ̀yìn mú, pẹ̀lú àwọn sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wọn. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà máa ń gbà, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń wọnú ara wọn: dídá ohun gbogbo padà sí bó ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, àti fífi ohun tó sàn ju ti ìgbà yẹn lọ sí i, kí alùpùpù náà lè dúró dáadáa lójú ọ̀nà òde òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ Vintage Motor Cycle Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, pín alùpùpù àtijọ́ sí ìsọ̀rí: èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1915, èyí tí wọ́n ṣe láti 1915 sí 1930, àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, alùpùpù àwọn ọdún 1950 sí 1970 náà ti di ti àtijọ́, àwọn ni àpilẹ̀kọ yìí sì dá lé jù, nítorí pé àwọn ni àwọn tó ni wọ́n ṣì ń gùn lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ìtàn

Títí di àwọn ọdún 1940, ọ̀pọ̀ alùpùpù ni kò ní sípíríǹgì kankan lẹ́yìn. Wọ́n de wíìlì ẹ̀yìn mọ́ férémù gbọnyin, sípíríǹgì abẹ́ ìjókòó nìkan ló sì ń gba ẹni tó gùn ún sílẹ̀. Àwọn kan yàtọ̀: Philip Vincent ti ń fi sípíríǹgì sẹ́yìn alùpùpù tirẹ̀ láti ọdún 1928. Ní iwájú, ilé iṣẹ́ BMW ti Jámánì gbé R12 àti R17 jáde ní ọdún 1935 pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tí páìpù rẹ̀ ń wọnú páìpù, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ń dẹ́kun ìfò sípíríǹgì. Irú fọ́ọ̀kì yìí ló gbòde lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Láti ọdún 1947, ilé iṣẹ́ Triumph ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sípíríǹgì pamọ́ sínú ọkàn wíìlì ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú irú wíìlì bẹ́ẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, nítorí pé àwọn sípíríǹgì náà fún pọ̀ débi pé wọ́n lè ṣe ènìyàn léṣe bí wọ́n bá já síta lójijì.

Férémù tó yí ọ̀rọ̀ padà ni èyí tí Rex McCandless, ọmọ ìlú Belfast, ṣe fún ilé iṣẹ́ Norton, tí àbúrò rẹ̀ Cromie sì bá a lọ́wọ́ sí. Páìpù méjì ni wọ́n tẹ̀ yíká ẹ́ńjìnì láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọjá lórí ara wọn níbi ọrùn férémù, kí ọrùn náà má baà lè yí láti apá kan sí èkejì nígbà tí alùpùpù bá wọ kọ́nà. Lẹ́yìn, apá kan tó ń lọ sókè sódò ni wíìlì dúró lé, ṣọ́ọ̀kì méjì sì gbé e ró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1950, Geoff Duke fi gba ipò kìíní nínú eré ìje ní Blandford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ní eré ìje TT ti Erékùṣù Man, Norton kó ipò kìíní, kejì àti kẹta nínú ìdíje àgbà (ti ẹ́ńjìnì 500cc) àti ti kékeré (ti 350cc). Harold Daniell, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Norton sáré, sọ pé bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn oníyẹ̀ẹ́ ló rí lára òun, bí orúkọ Featherbed ṣe mọ́ férémù náà lára nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Reynolds ní Birmingham ló ń bá wọn ṣe férémù alùpùpù eré ìje, páìpù irin tí wọ́n ń pè ní 531 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ní ọdún 1960, Norton fún òkè férémù ti ojú ọ̀nà sínú díẹ̀ kí itan ẹni tó gùn ún má baà yà jù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń pe ti àkọ́kọ́ ní wideline, tí wọ́n sì ń pe èyí tó tẹ̀ lé e ní slimline.

Ohun kan tún mú kí férémù yìí tàn ká. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ eré ìje kékeré 500cc máa ń ra odidi alùpùpù eré ìje Norton Manx nítorí ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan, férémù a sì ṣẹ́ kù. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnì Triumph sínú irú férémù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pe àmúlùmálà náà ní Triton. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà, àwọn ọmọ ìyá Rickman, Derek àti Don, ń ta férémù Metisse tiwọn tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Fritz Egli ní Switzerland sì ṣe èyí tó dúró lórí páìpù ńlá kan ṣoṣo fún ẹ́ńjìnì Vincent. A lè sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú alùpùpù àtijọ́ sunwọ̀n sí i lónìí ti wá.

Yíyẹ férémù wò

Ibí ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tó wọ́n jù lọ kò lè tún alùpùpù tí férémù rẹ̀ wọ́ ṣe. Ńṣe ni yóò kàn jẹ́ kí ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó wọ́ sí.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù kò ju òwú lọ. A ó gbé alùpùpù dúró ṣánṣán, a ó so òwú mọ́ ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, a ó sì fà á wá síwájú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní ìwọ̀n gíga tí kò ní jẹ́ kí ó kan férémù tàbí ẹsẹ̀ ìdúró. A ó fà á títí yóò fi fara kan etí iwájú táyà ẹ̀yìn láìtẹ̀. Bí táyà iwájú bá tín-ín-rín ju ti ẹ̀yìn lọ, bó ṣe sábà máa ń rí, àlàfo díẹ̀ yóò wà láàárín rẹ̀ àti òwú, àlàfo náà sì gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, níwájú táyà àti lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dọ́gba níwájú táyà tí kò dọ́gba lẹ́yìn, a jẹ́ pé ọwọ́ alùpùpù ni a kò tọ́; bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ jálẹ̀, a jẹ́ pé wíìlì kan ti yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Kí a tó dá férémù lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ṣéènì ni wọ́n fà tí wíìlì ẹ̀yìn fi dágbére fún àárín.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀pá irin gígùn tó tọ́ ni a ó kì bọ inú ọrùn férémù, a ó sì kì òmíràn sí ihò tí apá ẹ̀yìn ń yí lé. Bí a bá dúró lókèèrè tí a di ojú kan, ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ dá igun mẹ́rin tó ṣe déédéé, kí ọ̀kan má ṣe dagun sí èkejì. Alùpùpù tó ti forí sọ nǹkan rí sábà máa ń ní ọrùn tí a tì sẹ́yìn. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lábẹ́ páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọrùn, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sísàlẹ̀: bí a bá fi ìka ra ibẹ̀, a ó rí i pé ó hun jọ díẹ̀, bí awọ ọrùn ìjàpá. Ọ̀dà tuntun lè bò ó mọ́ ojú, ṣùgbọ́n ìka yóò mọ̀ ọ́n.

Fún ìlà tó là lára irin, omi pupa tó ń wọnú ìlà ni wọ́n ń lò: a ó fi kùn ún, a ó nù ún kúrò, a ó fọ́n lẹ́búlẹ́bú funfun sí i, pupa náà yóò sì tún jáde níbi tí irin bá ti là. Ibi tí ó yẹ kí a wò jù ni abẹ́ ọrùn, etí ibi tí wọ́n de ẹ́ńjìnì mọ́, àti ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn so mọ́ lókè. Àwọn férémù Norton Commando àkọ́kọ́, tí ọjà wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1968, là níbi ọrùn kí ilé iṣẹ́ tó tún un ṣe, nítorí náà àwọn yẹn ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò jù.

Yanrìn tí wọ́n fi ń họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò ní ewu tirẹ̀. Láti ọdún 1971, férémù àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì BSA àti Triumph oníṣílíńdà méjì tó tóbi ni ó ń gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú páìpù ẹ̀yìn rẹ̀. Bí yanrìn bá kù síbẹ̀, inú béárìn ẹ́ńjìnì ni yóò gbà lọ tààrà, àtúnṣe ọlọ́pọ̀ owó yóò sì bàjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ó sàn kí wọ́n dí gbogbo ihò kí wọ́n tó fọ́n yanrìn, kí wọ́n sì fi kẹrosín-ìn fọ inú páìpù léraléra títí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́ kedere.

Irin jíjó

Kì í ṣe gbogbo férémù ni ó gba iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ férémù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́ páìpù tí wọ́n kì bọ inú orí irin, tí wọ́n sì fi idẹ yíyọ́ lẹ̀ pọ̀; ẹni tó bá fi iná mànàmáná jó irú ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, idẹ yóò wọnú irin, ibẹ̀ yóò sì tún là. Bákan náà ni Reynolds 531, tó jáde ní ọdún 1935, tó ní máńgánísì àti mọlibudẹ́nọ́mù nínú: idẹ àti iná gáàsì ni wọ́n fi ń so ó, nítorí pé ooru tó pọ̀ jù ń gba agbára lára páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Férémù tó wọ́ púpọ̀ ni a ń gbé lọ sórí tábìlì irin tí wọ́n ti sàmì ìwọ̀n sí. Òògùn rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe kí á so ó mọ́ igi kí á máa fà á.

Ọrùn àti béárìn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ alùpùpù ṣáájú ọdún 1980 ni ó ń lo bọ́ọ̀lù irin kéékèèké nínú àwo ní òkè àti ìsàlẹ̀ ọrùn. Nítorí pé iwájú gangan ni ọwọ́ alùpùpù máa ń dojú kọ jù, àwọn bọ́ọ̀lù náà a máa lu ihò kéékèèké sójú kan lára àwo. Bí a bá gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, tí a fi ìka kan ti ọwọ́ alùpùpù pẹ̀lẹ́, a ó rí i tí yóò bọ́ sínú àárín bí ìlẹ̀kùn tó bọ́ sínú àgádágodo, tí yóò sì ṣòro díẹ̀ láti yọ kúrò. Ẹni tó ń gùn ún yóò rí i pé alùpùpù ń rìn wọ́gọwọ̀gọ. Béárìn onígọ̀ọ́gọ̀ tí ara rẹ̀ dagun ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò rẹ̀, ó sì pẹ́ jù ú lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n dì í jù, nítorí èyí tún mú àìdúróṣinṣin mìíràn wá. Ọwọ́ alùpùpù gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ bí a bá fi ìka gbá a díẹ̀.

Fọ́ọ̀kì iwájú

Páìpù fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ tọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dán. A ó yí i lórí gíláàsì tó nípọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti wọ́. Ìpẹtà tó jẹ ihò sí i ní ibi tí síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú, ń rìn yóò gé etí síìlì tuntun kí ó tó pẹ́. Wọ́n lè fi kírómù líle bò ó padà, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n rẹ̀ àtilẹ̀wá.

Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì àtijọ́, ihò tí kì í yí padà ni ọ́ìlì ń gbà kọjá, ìṣòro wọn sì wà níbẹ̀. Agbára tí ihò bẹ́ẹ̀ fi ń dènà ọ́ìlì máa ń di ìlọ́po mẹ́rin bí ìyára bá di ìlọ́po méjì. Fọ́ọ̀kì náà yóò rọ̀ jù nígbà tí a bá ń tẹ bíréèkì, yóò sì le bí igi nígbà tí táyà bá ṣàdédé wọ kòtò. Fífi ọ́ìlì tó ki jù rọ́pò rẹ̀, láti nọ́ńbà 10 sí 20, yóò mú àkọ́kọ́ sàn, yóò sì mú èkejì burú. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ Race Tech ní California fi ṣe fáàfù kékeré kan tí a ń gbé sí abẹ́ sípíríǹgì: a ó fẹ ihò àtijọ́ títí kò fi ní dènà ohunkóhun mọ́, fáàfù náà, tó ń ṣí sí i bí ọ́ìlì bá ti le tó, yóò sì gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi kún alùpùpù àtijọ́ láìyí ojú rẹ̀ padà, ó ṣòro láti rí èyí tó ṣe ìyàtọ̀ tó báyìí.

Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ. Ìwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì ń tẹ̀ lé ni pé, bí ẹni tó ni alùpùpù bá jókòó lé e, kí fọ́ọ̀kì sọ̀ kalẹ̀ tó ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn rẹ̀. Fún fọ́ọ̀kì tó ń rin 120 mm, èyí jẹ́ 30 sí 40 mm. Nígbà ìtòpọ̀, a kò gbọ́dọ̀ di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá wíìlì pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. A ó di ẹ̀gbẹ́ kan, a ó fi ara tẹ iwájú alùpùpù wálẹ̀ nígbà bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà kí páìpù méjèèjì lè wá ààyè ara wọn, lẹ́yìn náà ni a ó tó di ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì tí wọ́n ń sọ pé ó ti gan kò ní àrùn mìíràn ju èyí lọ.

Apá ẹ̀yìn àti ṣọ́ọ̀kì

Bí a bá di orí apá ẹ̀yìn mú tí a mì í sọ́tùn-ún sósì, kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Búúṣì idẹ tuntun, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá apá náà ń yí nínú rẹ̀, ni a ó fi ríìmà, irinṣẹ́ tó ń fẹ ihò, bọ́ títí ọ̀pá rẹ̀ yóò fi wọlé wẹ́rẹ́. Búúṣì rọ́bà ti Norton ni a ó dì nígbà tí apá bá wà ní ìdúró tó máa ń wà lábẹ́ ènìyàn, kí rọ́bà má baà wà ní yíyí nígbà gbogbo. Ti Commando yàtọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì, jíà àti apá ẹ̀yìn jọ dúró lórí rọ́bà kan náà: àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi 0.25 mm, bó bá kéré jù ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, bó bá pọ̀ jù alùpùpù yóò máa fì.

Ṣọ́ọ̀kì Girling ni ó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, wọn kò sì ṣe é kí a máa tú u. Hagon ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ikon ti Ọsirélíà, tó gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì alùpùpù lọ́wọ́ Koni, ṣì ń ṣe irú rẹ̀. Gígùn ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà: bí ẹ̀yìn alùpùpù tí àárín wíìlì méjèèjì rẹ̀ jẹ́ 1400 mm bá ga sókè ní 25 mm, ọrùn férémù yóò dúró ṣánṣán sí i ní nǹkan bíi dígírì kan, alùpùpù yóò máa yára wọ kọ́nà, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ lórí eré yóò dín kù.

Wíìlì àti táyà

Rọ́ọ̀dù wíìlì ni a ń fà dọ́gba, béárìn wíìlì ni a ń pààrọ̀. Táyà òde òní sábà máa ń fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì lè kan apá ẹ̀yìn.

Ìtọ́jú àti nọ́ńbà férémù

Àwọn kan gbà pé alùpùpù tí wọ́n fi fáàfù tàbí béárìn tuntun sí ti pàdánù ìwà rẹ̀. FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, gba ènìyàn níyànjú láti pa ohun àtilẹ̀wá mọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá yí padà sílẹ̀. Béárìn àti fáàfù ṣeé yọ padà. Ọrùn férémù tí a gé láti yí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà kò rọrùn láti dá padà, ó sì dára kí a ronú lé e lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ohun àtijọ́ tí a yọ kúrò ni a ń so orúkọ mọ́, tí a sì ń kó sínú àpótí fún ẹni tí yóò tún ní alùpùpù náà.

Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ lù sára ọrùn ni ìdánimọ̀ férémù. Yanrìn tó le jù lè pa á rẹ́, ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú tó nípọn sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, a ń ya fọ́tò rẹ̀, a sì ń fi téèpù tó nípọn bò ó kí wọ́n tó gbé férémù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ́n yanrìn.