Inú kí lẹ máa gbé kámẹ́rà yẹn sí?

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà mirrorless wo ni kí n rà?" Èmi náà a sì bi í padà pé, inú kí lẹ máa gbé e sí? Àwọn kan a rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Kì í ṣe àwàdà. Nígbà kan, mo kó gbogbo owó ọwọ́ mi lé kámẹ́rà ńlá kan àti lẹ́ǹsì 70-200 f/2.8 tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Àwọn méjèèjì pọ̀ lé ní kílò méjì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé e kọ́rùn lọ síbi gbogbo. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, orí àga ló ń sùn. Gbogbo fọ́tò tí mo yà fún ara mi lọ́dún náà, fóònù ni mo fi yà á. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ máa yàwòrán lójoojúmọ́ pé ẹ̀yìn ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kó kọ́kọ́ ro bí yóò ṣe máa gbé e, kó wá ro lẹ́ǹsì, kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní mirrorless ná. Kámẹ́rà DSLR, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò kí mirrorless tó dé, ní dígí kékeré kan nínú, tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sókè síbi tí à ń yọjú wò. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí yẹn a fò sókè, pàà, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè dé ara sensor tó ń gba àwòrán. Mirrorless ò ní dígí yẹn rárá. Tẹlifíṣàn kékeré ló wà nínú ihò tí ẹ ń yọjú sí, ohun tí sensor bá rí ló ń gbé síbẹ̀. Tí fọ́tò yín bá máa ṣókùnkùn, ẹ ti rí i kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Lumix G1 tí Panasonic gbé jáde lọ́dún 2008 wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí. Nígbà tí Canon gbé EOS R jáde, tí Nikon náà gbé Z jáde lọ́dún 2018, kálukú ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tẹlifíṣàn yẹn ń jẹ iná o. Ẹ ra bátìrì kejì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra kámẹ́rà.

Bí wọ́n ṣe yọ dígí kúrò, àyè dín nínú kámẹ́rà. Láti ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ dé sensor jẹ́ milimítà 46.5 lára àwọn DSLR Nikon. Lára Z, 16 péré ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ara kámẹ́rà ló tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ǹsì ò gbọ́ ìyẹn. Bí sensor bá ṣe tóbi sí ni lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe máa ń tóbi. Sensor tí wọ́n ń pè ní full frame jẹ́ milimítà 36 sí 24, APS-C tó nǹkan bíi 23.5 sí 15.6, Micro Four Thirds sì jẹ́ 17.3 sí 13. Fún ìrìn ojoojúmọ́, APS-C ni èmi máa ń mú. Ẹni tó bá ń yàwòrán lóru lemọ́lemọ́ ni mo lè gbà níyànjú pé kó gbé full frame.

Lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ náwó lé. Èyí tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, f/3.5 sí f/5.6 ni. Nọ́ńbà f yìí máa ń da èèyàn láàmú, torí bó bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe máa ń ṣí tó. Lẹ́ǹsì f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ẹ wo ọmọ tó ń ṣeré nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́. Níbi tí f/5.6 ti ń béèrè 1/15 ìṣẹ́jú àáyá, tí ọwọ́ ọmọ náà á di èéfín, f/1.8 á yà á ní 1/125, ìka á sì dá yàtọ̀ síra. Wọ́n lè sọ fún yín pé kámẹ́rà tiwọn kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ yín ló ń bá yín dì mú, kì í di ọmọ mú.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà? Ẹ fi lẹ́ǹsì inú páálí yẹn yàwòrán fún oṣù kan, kẹ́ ẹ wá wo nọ́ńbà milimítà tí kámẹ́rà kọ mọ́ àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ràn; òun ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe fa nǹkan súnmọ́ tó. Tó bá jẹ́ 23 ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ ra 23. Tó bá jẹ́ 35, ẹ ra 35. Lórí APS-C, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5 kẹ́ ẹ tó fi wé ti full frame (1.6 ni ti Canon), 35 yín á máa ríran bíi 52.

Okùn tó bá kámẹ́rà wá máa ń gé ọrùn, ó sì ń polówó ilé iṣẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó fẹ̀, tí ẹ lè gbé kọ́ èjìká ní ìbú kí kámẹ́rà wà ní ìbàdí, ni mo fẹ́ràn. Ẹ ṣọ́ra fún irú èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì de mọ́ ìdí kámẹ́rà. Ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn. Tèmi tú lórí àtẹ̀gùn. Gbì ni mo gbọ́, mo rò pé ẹlòmíì ló já nǹkan bọ́. Báyìí, àràárọ̀ ni mò ń fi ọwọ́ yí i wò. Ní ti báàgì, ẹ má wulẹ̀ ra báàgì kámẹ́rà. Ẹ ra àpò onítìmùtìmù tí wọ́n ń kì bọ inú báàgì tí ẹ ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ẹ pa kámẹ́rà, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, torí lára ọ̀pọ̀ mirrorless, gbayawu ni sensor wà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku. Itọ́ á bá a lọ.

Tó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ya ògiri funfun ní f/16, ẹ wá àwọn àmì dúdú tóótòòtó tí eruku orí sensor máa ń fà. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ máa yọjú wò ó láti iwájú. Eruku bíi mélòó kan ò burú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí okùn aláǹtakùn tó fara mọ́ gíláàsì inú, lẹ́ǹsì yẹn ti bu nìyẹn. Bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.